Alẹ́ tí a fi wá ọmọ wa lórí òkè Shere

Ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ lù nígbà tí a mọ̀ pé a kò pé. Èèyàn mẹ́tàlélógún ni a jọ gun òkè Shere láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé náà, nínú oṣù Disẹ́ńbà ọdún 2006. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tí a gbé bọ́ọ̀sì sí, tí a ka ara wa, èèyàn méjìlélógún la rí. A tún un kà. Ẹnì kan ní bóyá ẹni tó ń kà kò ka ara rẹ̀ mọ́ ọn, la bá ní kí ẹlòmíràn kà á. Méjìlélógún náà ni.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá kan ló kù lórí òkè. Jos la bí i sí, Jos la bí bàbá rẹ̀ sí, àtojú fèrèsé ilé wọn lèèyàn sì ti ń rí òkè náà. Ṣẹ́ẹ̀tì alápá péńpé, ṣòkòtò jíǹsì àti bàtà kánfáàsì ló wọ̀ jáde nílé.

A kò kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé ìròyìn nígbà náà, torí ojú tì wá. Àwa tí a ṣètò ìrìn náà ni àwọn òbí fi ọmọ lé lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n òjò ti ń dáwọ́ dúró báyìí, ọyẹ́ ń bọ̀, àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí àti nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú sì ti ń béèrè lọ́wọ́ wa pé ibo ni àwọn lè lọ fi ẹsẹ̀ rìn, ibo ni àwọn lè pàgọ́ sùn mọ́jú. Wọ́n ń rí fọ́tò àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lórí fóònù, lórí àpáta, pẹ̀lú àgọ́ aláwọ̀ ewé lẹ́yìn wọn, ó sì ń wù wọ́n. Inú wa dùn sí i. Ẹ̀rù sì ń bà wá, ìdí nìyẹn tí a fi ní ká sọ ọ́ tán.

Ẹ̀yin àgbà wa náà kọ́kọ́ ní láti dárí jì wá. A mọ̀ pé ní tiwa, ẹni tó bá ní òun ń lọ sórí òkè, àdúrà la mọ̀ pé ó fẹ́ lọ gbà. Ẹni tó bá wọ igbó, ọdẹ ni tàbí adáhunṣe. Kí èèyàn tó jẹun yó gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn, kó máa gun àpáta láìlé ẹran, láìṣa ewé, kó wá sùn sínú àgọ́ nígbà tó ní bẹ́ẹ̀dì nílé, wọ́n á ní kí wọ́n yẹ orí rẹ̀ wò. Ìyá àgbà kan ní Bukuru bi wá léèrè lọ́dún náà pé, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ló ń lé yín?"

Síbẹ̀, ẹsẹ̀ ló mú wa dé ilẹ̀ yìí. Àwọn òṣómàáló láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà gbé aṣọ lérí láti abúlé dé abúlé. Àwọn bàbá wa láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ṣòwò láàrin àwọn awakùsà. Nígbà tí rélùwéè kékeré dé Bukuru ní ọdún 1914, kì í ṣe gbogbo ibùdó ìwakùsà ni ọ̀nà ọkọ̀ dé, ẹni tó bá sì fẹ́ tajà níbẹ̀ yóò rin òkè náà pẹ̀lú ẹrù lórí. (Tíìnì tí wọ́n ń wà nígbà náà, kuza ni Hausa ń pè é, ó jọ pé ibẹ̀ ni ìwakùsà tiwa ti yọ wá.) Àwọn bàbá yẹn mọ odò tó ń kún lójijì àti ibi tí òtútù ti ń pa èèyàn. Wọ́n mọ orúkọ baálé abúlé kọ̀ọ̀kan, torí lọ́dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń sùn. Àwa ọmọ wọn mọ Terminus, a mọ Ahmadu Bello Way, a mọ ọ̀nà Zaria. Odò Kaduna àti odò Gongola ti orí ilẹ̀ gíga yìí ṣàn wá, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ti rí orísun wọn?

Ẹ jẹ́ ká padà sórí òkè Shere.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ la fi àdéhùn sí, aago mẹ́wàá ti kọjá ká tó kúrò ní Jos. Ìrẹsì tí àwọn ìyá wa ń sè ni kò tètè jinná. Bẹ́ẹ̀ ni, odindi kúlà ìrẹsì la gbé gun òkè, pẹ̀lú ẹran díndín, àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì sì ń gbé e ní ìpààrọ̀. Omi tí a gbé kò tó lítà kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. A kò mú amọ̀nà, torí a ní òkè tí à ń wò lójoojúmọ́ ni, kì í ṣe òkè ibòmíràn.

Òkè tí à ń wò lójoojúmọ́ yìí ga tó mítà 1,829 sí òkun. Jos fúnra rẹ̀ ti lé ní mítà 1,200, nítorí náà a ti wà lókè ká tó bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Àwọn kan nínú wa ti gun Ìdànrè rí, wọ́n sì ń fọ́nnu. Ṣùgbọ́n Ìdànrè ní àtẹ̀gùn tó lé ní 600 tí wọ́n ṣe fún ẹsẹ̀ èèyàn. Ọ̀nà tí a gbà lọ́jọ́ náà kò ní ẹyọ kan. Ohun mìíràn ni pé Shere kì í ṣe òkè kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ òkè olókùúta ló so kọ́ ara wọn, àfonífojì wà láàrin wọn, tí èèyàn bá sì ti wà nínú wọn, gbogbo wọn jọra. Nígbà ọyẹ́, eruku a bo ìlú mọ́lẹ̀, o kò ní rí Jos tí o lè fi mọ apá ibi tí o kọjú sí.

A jẹ ìrẹsì wa, a ya fọ́tò, a kọrin. Nǹkan bí aago mẹ́ta la bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, ní mẹ́ta-mẹ́ta, ní mẹ́rin-mẹ́rin, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá ti lọ, ẹni tí orúnkún ń dùn ń bọ̀ lẹ́yìn. Àwọn tó wà níwájú rò pé ọmọ náà wà lẹ́yìn. Àwọn tó wà lẹ́yìn rò pé ó ti bá àwọn tiwájú lọ. Kò sẹ́ni tó parọ́, kò sì sẹ́ni tó kà.

Ohun tó sọ fún wa lẹ́yìn náà ni pé òun rí ẹranko kan, irú òfàfà tó ń gbé inú àpáta dípò orí igi, òun sì tẹ̀lé e láti wò ó dáadáa. Nígbà tó fi gbójú sókè, kò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni mọ́. Ó sáré. Ó yọ̀ ṣubú sínú omi kan tó kù sínú kòtò àpáta, ó rin gbindin dé ìbàdí.

Ẹni mẹ́fà nínú wa padà sókè pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì mẹ́ta, tí ọ̀kan nínú wọn kò pẹ́ kú. Oòrùn wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́fà. Ní orí òkè yẹn, nígbà ọyẹ́, kì í ṣe pé ilẹ̀ ń ṣú díẹ̀díẹ̀. Bí ẹni pa iná ni. À ń pariwo orúkọ rẹ̀, àpáta ń dá a padà fún wa láti apá mẹ́rin, a sì ń sáré tẹ̀lé ohùn ara wa. A ṣe bẹ́ẹ̀ fún bíi wákàtí kan. A kò fẹ́ rántí wákàtí yẹn.

Ajá ló kọ́kọ́ bá wa, kí bàbá arúgbó kan tó jáde láti ẹ̀yìn àpáta pẹ̀lú àtùpà. Anaguta ni bàbá náà. Òun àti àwọn ìbátan rẹ̀, pẹ̀lú àwọn Afizere tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sí Jarawa, ni wọ́n ni àwọn òkè wọ̀nyẹn ká tó débẹ̀ rárá. Ó kí wa ní Hausa, "Sannunku." A ti fẹ́ máa sunkún sí i lára, ṣùgbọ́n kò tíì bi wá ohun tí à ń wá. Ó béèrè ibi tí a gbà gòkè láàárọ̀. A nàka sí i.

"Ẹ̀yìnkùlé mi lẹ gbà wọlé," ló wí. "Mo rí yín. Mo ní bóyá nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó yà kí mi."

Kò fi ìbínú sọ ọ́, ìyẹn gan-an ló mú kó dùn wá. Àwa ọmọ Yorùbá, tí a kì í kọjá lára àgbà láìdọ̀bálẹ̀, tí a ń fi ìkíni yangàn kárí ayé, a gba inú ọgbà acha bàbá kan kọjá pẹ̀lú kúlà ìrẹsì, a kò sì wo apá ibi tí ilé rẹ̀ wà.

Ó ní ká jókòó, ká dákẹ́. Ó ní ariwo wa ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ohùn ọmọ náà. Ó ní kí ẹnì kan dá iná sórí àpáta gíga kan, kó má kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rán àwọn ọmọ rẹ̀ méjì sí àfonífojì kan tí a kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà, torí, gẹ́gẹ́ bó ṣe wí, ọmọ tó bá sọnù kì í gòkè, ìsàlẹ̀ ló máa ń lọ, omi ló sì máa ń tẹ̀ lé. Aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀ ni wọ́n gbé e dé sẹ́yìn ọ̀kan nínú wọn.

Kò gbọ̀n mọ́ nígbà tí wọ́n gbé e dé, a sì rò pé ohun rere nìyẹn. Nọ́ọ̀sì kan tó bá wa wá ló sọ fún wa pé ibi tó ti burú nìyẹn. Ó ní nígbà tí òtútù bá kọ́kọ́ mú èèyàn, ara a máa gbọ̀n kó lè mú ara rẹ̀ gbóná. Tí agbára yẹn bá tán, gbígbọ̀n á dáwọ́ dúró, ahọ́n á wúwo, ọwọ́ kò ní lè di nǹkan mú, onítọ̀hún á kàn fẹ́ sùn ni. Ọmọ náà ń sọ̀rọ̀ bí ọ̀mùtí. Àgbà ọkùnrin kan nínú wa ti fa ìgò paraga yọ láti fún un mu. Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ dákun sà, ẹ gbé e kúrò. Ẹ ó pa á." Ọtí, ó ṣàlàyé fún wa nígbà tí ara gbogbo wa ti balẹ̀, ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ gbígbóná sáré wá sí awọ ara, ẹni tó mu ún á rò pé ara òun ń móoru, bẹ́ẹ̀ ooru inú rẹ̀ ló ń jáde lọ. Wọ́n bọ́ aṣọ tútù náà lára ọmọ, wọ́n fi búláńkẹ́ẹ̀tì bàbá arúgbó wé e láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n sì fi sí àárín èèyàn méjì. Wọn kò fi ọwọ́ ra á lára, wọn kò sì gbé e sún mọ́ iná jù. Ìgbà tó lè gbé nǹkan mì dáadáa ni ìyàwó bàbá náà fún un ní kunu lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí wọ́n fi ṣúgà sí, díẹ̀díẹ̀. Bó ṣe tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, nọ́ọ̀sì bú sẹ́kún.

Bàbá náà kò gba owó. Kérésìmesì ọdún yẹn la padà lọ bá a pẹ̀lú iyọ̀, ọṣẹ àti ṣúgà, àwọn òbí ọmọ náà wà pẹ̀lú wa. A dọ̀bálẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín sí ìdọ̀bálẹ̀ wa, ó ní ká dìde.

Ìbéèrè tí gbogbo èèyàn ń bi wá ni pé báwo ni òtútù ṣe lè fẹ́ pa ọmọ ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá ń gbé Plateau kò yẹ kó béèrè, ṣùgbọ́n inú ilé la máa ń wà lóru. Bí èèyàn bá gòkè ní mítà 1,000, ìgbóná afẹ́fẹ́ a máa dín kù ní nǹkan bí ìwọ̀n mẹ́fà sí méje lórí Celsius. Ọyẹ́ tún wá burú jù ú lọ: afẹ́fẹ́ gbẹ, ìkùukùu kò sí lójú ọ̀run tí yóò bo ooru mọ́lẹ̀, gbogbo ooru tí àpáta gbà lọ́sàn-án a fò lọ láàrin wákàtí díẹ̀. Èèyàn á làágùn lọ́sàn-án, á wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, òógùn náà á wá di omi tútù sí i lára lálẹ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n di súẹ́tà àti aṣọ gbígbẹ kan sínú náílọ̀n lọ́tọ̀, bí oòrùn ì báà mú tó nígbà tí wọ́n ń jáde. Wọ́n á ní a ti ń ṣe bí àgbà. Kí wọ́n máa sọ ọ́.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Shere, ó yẹ ká fi ẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ọmọ tó sọnù yẹn gan-an ló ń béèrè pé ìgbà wo la tún ń lọ. Oṣù Fẹ́búárì ọdún 2007 la lọ sí Yankari ní ìpínlẹ̀ Bauchi, ilẹ̀ tó yàtọ̀ sí tiwa pátápátá. Kò sí òkè kan gbòógì, igbó ọ̀dàn ni títí lọ, ó fẹ̀ tó kìlómítà 2,244 níbùú lóròó, ooru rẹ̀ sì ń mú bí ti inú ààrò. Ọdún 1962 ni wọ́n ti ṣí i fún àwọn àlejò. Ọdún tó ṣáájú ìrìn wa, 2006, ni ìjọba àpapọ̀ dá a padà fún ìpínlẹ̀ Bauchi.

Níbẹ̀, kò sẹ́ni tó gbà ká dá rìn. Ẹ̀ṣọ́ tó ní ìbọn ló ń ṣáájú, a sì ń tò tẹ̀ lé e. Lójú tiwa, a rò pé wọ́n ń fi ṣe ṣàkó ni, àfi ìgbà tí erin mẹ́tàdínlógún la ọ̀nà kọjá níwájú wa láìsí ariwo kankan. A rò pé erin á máa dún bí tírélà. Ohun tó tóbi tó yẹn kọjá bí ẹni wọ sílípáàsì. Ẹ̀ṣọ́ wa kò gbé ìbọn sókè. Ó kan nọ́wọ́ sẹ́yìn ká dúró, ó sì gbé eruku díẹ̀ ju sókè láti mọ apá ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, torí òórùn wa ni erin máa kọ́kọ́ mọ̀ kó tó rí wa. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló dáa láti lọ, ó ní, torí pé omi á gbẹ nínú igbó, gbogbo ẹran á wá sí odò Gaji, koríko á sì ti gbẹ lulẹ̀ tí ojú á fi lè ríran.

Ìnàkí ló fìyà jẹ wá jù. Àwọn ìnàkí ibẹ̀ mọ náílọ̀n ju àwọn ọmọ wa lọ. Wọ́n wọ inú yàrá kan tí a kò ti ilẹ̀kùn rẹ̀ dáadáa, wọ́n gbé odindi búrẹ́dì mẹ́fà, wọ́n tú èlùbọ́ ká ilẹ̀, ọ̀kan nínú wọn jókòó sórí òrùlé ó ń fi àádùn wa jẹun pẹ̀lú sùúrù. Ká má tan ara wa, àádùn ló dára jù fún ìrìn irú èyí, òun àti kúlíkúlí, gàrí àti dòdò Ìkirè. Kò nílò iná, kì í tètè bàjẹ́, ó ń fún ara lágbára. A kò tún gbé kúlà ìrẹsì lọ síbì kankan mọ́. Ṣùgbọ́n inú agolo tó ní ìdérí tó le ni kí ẹ kó o sí.

Lálẹ́, a wẹ̀ nínú omi Wikki tó ń tú jáde lábẹ́ àpáta ní ìwọ̀n ìgbóná 31 Celsius, tọ̀sán-tòru, ẹ̀ẹ̀rùn-òjò. Omi náà mọ́ débi pé èèyàn ń rí ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lórí iyanrìn. A gbọ́ níbẹ̀ pé ní èdè Duguri, ìtumọ̀ Wikki ni "níbo lo wà?" Ọmọ wa tó sọnù ní Shere dúró sínú omi dé ọrùn, ó ń pariwo, "Wikki! Wikki!" àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń dá a lóhùn. Àwa àgbà ò lè rẹ́rìn-ín sí i.

Igbó Gashaka-Gumti la lọ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 2008, láàrin Taraba àti Adamawa. A kò ní pẹ́ lórí rẹ̀, torí a kò fi bẹ́ẹ̀ rìn jìnnà níbẹ̀. Ilẹ̀ náà le. Ó lé ní kìlómítà 6,000 níbùú lóròó, inú rẹ̀ sì ni Chappal Waddi wà, òkè tó ga jù ní Nàìjíríà, mítà 2,419. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo èèyàn lè kúrò nínú ọ̀dàn gbígbóná wọ igbó kìjikìji etí odò, kó tún bọ́ sí orí koríko òkè tí òtútù rẹ̀ ju ti Jos lọ. Eṣinṣin tsetse jẹ wá gan-an (aṣọ aláwọ̀ búlúù àti dúdú ló fẹ́ràn jù, ẹ má wọ̀ ọ́ lọ). Láàárọ̀ ọjọ́ kejì a gbọ́ igbe chimpanzee láti inú igbó, ó ń ga sókè bí ẹni ń jà, ó wá dákẹ́ lójijì. A kò rí wọn. A fẹ́ lọ sí Chappal Waddi, ṣùgbọ́n orúnkún ẹnì kan wú, oúnjẹ wa kò sì ní tó mọ́ bí a bá dúró dè é, a bá yí padà. Ọ̀dọ́kùnrin kan nínú wa bínú, ó ní owó òun ṣòfò. Lọ́dún 2006, bí òun ni a ì bá ṣe.

Ọ̀rọ̀ ejò náà wà níbẹ̀. Ejò tó ń pa èèyàn jù ní apá tiwa yìí kì í ṣe òjòlá tí ọmọdé ń bẹ̀rù, ejò kékeré aláwọ̀ erùpẹ̀ kan ni, tí òyìnbó ń pè ní carpet viper, tó ń lúgọ sínú ewé gbígbẹ àti lábẹ́ òkúta. Oró rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ẹni tó bù ṣán lè máa ṣẹ̀jẹ̀ láti èrìgì. Ẹ má fi bíléèdì gbẹ́ ojú rẹ̀, ẹ má fi ẹnu fà á, ẹ má so okùn mọ́ ọn pinpin. Ẹ yọ òrùka àti aago ọwọ́, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ náà wà lójú kan bí ẹni dá egungun, ẹ gbé onítọ̀hún lọ síbi tí wọ́n ti ní oògùn rẹ̀. Ní Plateau, ilé ìwòsàn Zamko ní agbègbè Langtang ti gba orúkọ fún ìtọ́jú yìí. Ní Gombe, Kaltungo ni. Kí ẹ tó kúrò nílé ni kí ẹ ti mọ èyí tó sún mọ́ ibi tí ẹ ń lọ, kí ẹ sì béèrè bóyá oògùn wà nílẹ̀.

A tún rí àwọn ọmọ tó ń lọ pàgọ́ sí etí àwọn adágún tí àwọn awakùsà fi sílẹ̀, ní Bukuru, ní Rayfield, ní Barkin Ladi. Wọ́n dára lójú, a gbà. Ṣùgbọ́n kòtò ìwakùsà ni, etí rẹ̀ ń já lójijì sí ibú, ó ti pa ọ̀pọ̀ ọmọ. Omi rẹ̀ sì lè ní àtọ̀sí ajá nínú. Ẹ wò ó lókèèrè, kí ẹ ya fọ́tò yín.

Èyí tó kù ni èyí tí gbogbo wa mọ̀. Oṣù Nòfẹ́ńbà ọdún 2008 ni rògbòdìyàn tún bẹ́ ní Jos, ó tún bẹ́ lọ́dún 2010, ìrìn wa sì dáwọ́ dúró fún ọdún púpọ̀. Àwọn kan nínú ẹni mẹ́tàlélógún yẹn ti padà sí Ìbàdàn, àti sí Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọn kò gbé rí. Ní àsìkò Kérésìmesì ọdún 2023, a mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Bokkos àti Barkin Ladi. A kò lè máa sọ fún ọmọ ẹnikẹ́ni pé kó gbé àgọ́ wọ igbó bí ẹni pé a kò gbọ́. Àwa kì í sùn níta mọ́, àfi níbi tí ẹ̀ṣọ́ wà nínú ọgbà. Shere, ọ̀sán là ń gùn ún. Aago mẹ́fà àárọ̀ la ń kúrò nílé, ìrẹsì jinná ni o, kò jinná ni o, a sì ti ń sọ̀ kalẹ̀ kí aago kan tó lù. Mai angwa ni a ń kọ́kọ́ bá, bó bá ní ọ̀sẹ̀ yìí kò dára, a ń padà sílé láìbi í léèrè ìdí. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì rí i lẹ́yìn náà pé ó mọ ohun tó ń sọ. Ẹni tó ń gbé lórí òkè máa ń gbọ́ kí rédíò tó gbọ́.

Bàbá arúgbó yẹn ti kú. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ méjì tó gbé ọmọ wa sọ̀ kalẹ̀ ló ń fi ọ̀nà hàn wá báyìí, a sì ń san owó rẹ̀ fún un. Jánúárì tó kọjá, ọmọ wa tó sọnù yẹn mú ọmọ tirẹ̀ wá, ọmọkùnrin ọdún mẹ́fà, ó ní kó lọ kí ìyá àgbà ilé náà, ìyàwó bàbá olóògbé, tó fún òun ní kunu. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí erùpẹ̀. Ìyá náà kò rántí orúkọ baba rẹ̀. Ó rántí bàtà kánfáàsì.

Sátidé kejì nínú oṣù Jánúárì la tún ń lọ. Kí ẹni tó bá fẹ́ bá wa lọ mú lítà omi mẹ́ta, súẹ́tà, tọ́ọ̀ṣì tó ní bátìrì tuntun, fèrè kan tó lè fọn, àti páálí ṣúgà kan fún ìyá àgbà. Ọmọ tí kò bá tó ọdún mẹ́wàá, àtòun àti òbí rẹ̀ ni. A máa ń ka ara wa níbi tí bọ́ọ̀sì dúró sí, ní ilé mai angwa, lórí òkè lẹ́ẹ̀mejì, àti nígbà tí a bá ń sọ̀ kalẹ̀.